Mi ò pe ara mi ní ọkùnrin mọ́, àmọ́ ẹ má tíì pariwo "Ògo"

ẹ̀báọ̀sà (Ìkòròdú):
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka bẹ́ ẹ ṣe ń fa ọ̀rọ̀ àwọn trans, àwọn tó ní àwọn kì í ṣe ọkùnrin tàbí obìnrin tí wọ́n bí àwọn, mọ́ra yín lọ́wọ́ níbí, mi ò kàn dá sí i ni. Ọmọ Ìta-Ẹ̀lẹ́wà ni mí. Obìnrin ni wọ́n bí mi. Màámi mú mi lọ sí London nígbà tí mo ṣì wà ní sẹ́kọ́ńdìrì, ibẹ̀ ni mo ti wá sọ fún gbogbo èèyàn pé ọkùnrin ni mí, mo pààrọ̀ orúkọ, mo gé irun kanlẹ̀, mo ń fi aṣọ tó le di àyà mi pa débi pé mi ò lè mí dáadáa, nígbà tí mo sì pé ọmọ ọdún 19 mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba abẹ́rẹ́ testosterone, ìyẹn họ́mónù ọkùnrin, lọ́dọ̀ àwọn dókítà aládàáni kan. Ohùn mi ki, irùngbọ̀n hù, nǹkan oṣù mi dúró. Mi ò ṣe iṣẹ́ abẹ kankan. Mo ti dá abẹ́rẹ́ dúró báyìí, mo ti padà sílé, mi ò sì gbà mọ́ pé ọkùnrin kan ló ń gbé inú ara mi.

Ìdí tí mo fi ń kọ ọ́ ni pé tí mo bá ti sọ ọ́ jáde báyìí, apá kan á ní kí n wá jẹ́rìí lórí pẹpẹ, pé ẹ̀mí òkùnkùn ni, pé ó ti jáde. Apá kejì, ìyẹn àwọn tá a jọ wà lọ́hùn-ún, àwọn á ní ọ̀dàlẹ̀ ni mí, pé mi ò fìgbà kankan jẹ́ trans, pé mo kàn fẹ́ bà wọ́n lórúkọ jẹ́ ni. Kò sẹ́ni tó bi mí pé kí ló dé gan-an.

Ohun tó dé ni pé mo mú bírò lọ́jọ́ kan, mo ní kí n kọ gbogbo nǹkan tó jẹ́ kí n mọ̀ pé ọkùnrin ni mí sílẹ̀. Mo fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Mi ò fẹ́ kí wọ́n máa pè mí jáde síwájú àlejò pé kí n wá kúnlẹ̀ kí n rẹ́rìn-ín. Látìgbà tí ara mi ti ń yọ, mi ò lè kọjá ní gáráàjì kí àwọn agbèrò má pariwo lé mi lórí, ara yẹn ni mo wá ń bínú sí dípò kí n bínú sí agbèrò. Mo kórìíra nǹkan oṣù. Àbúrò mi ọkùnrin kì í fọ abọ́. Mo wo ìwé yẹn títí, mi ò rí ọkùnrin kankan níbẹ̀, obìnrin tí ọ̀rọ̀ obìnrin ti sú ni mo rí. Mi ò sọ pé bó ṣe rí fún gbogbo trans nìyẹn o, tèmi ni mò ń sọ.

Ara ò tù mí nígbà yẹn, kò sì tíì tù mí tán báyìí. Àlàyé tí mo ń ṣe fún un ni mo jù nù. Ohun tí mo wá fẹ́ bi yín ni pé èyí tẹ́yin náà gbà gbọ́ nípa ọkùnrin àti obìnrin yìí, níbo lẹ ti kó o?

ọ̀gáwáyà (Odògúnyàn):
Ṣé mi ò ti ń sọ ọ́! Òyìnbó ló kó gbogbo ẹ̀ dé. Ká ní o ò lọ sí London ni, wàá ti lọ́kọ báyìí, wàá ti bímọ méjì. Àbúrò káàbọ̀ sílé jàre, wá jẹ ìkọ́kọrẹ́, ara á balẹ̀. Ọkùnrin lọkùnrin, obìnrin lobìnrin, ó parí.

Àńtí_Sábo:
Ọmọ mi, Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí wọ́n fi ẹ́ ṣe yẹ̀yẹ́. O ní ká má pariwo Ògo, mi ò pariwo, mo sọ ọ́ wẹ́lẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù mi. Ṣùgbọ́n èmi gbà pé àdúrà màmá ẹ ló ṣiṣẹ́, o ò sì lè gba ìyẹn lẹ́nu mi. Ta lo ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ báyìí? Ṣé ò ń jẹun?

ẹ̀báọ̀sà:
Màmá àgbà ni mò ń gbé lọ́dọ̀ wọn ma, mò ń jẹun dáadáa, ó ti ń hàn lára gan-an.

Ẹ̀gbọ́n ọ̀gáwáyà, ẹ ṣé, ìkọ́kọrẹ́ ò burú. Àmọ́ tó bá ti parí bẹ́ ẹ ṣe sọ ọ́ yẹn, kí ló dé tí wọ́n fi nà mí torí bí mo ṣe ń jókòó? Ohun tó ti parí kì í nílò kòbókò. Ìkòròdú níbí ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ pé mi ò jọ obìnrin, tíṣà sọ ọ́, àwọn àńtí mi sọ ọ́, ìyá kan tó ń ta búrẹ́dì ládùúgbò máa ń sọ ọ́ lójoojúmọ́ Ọlọ́run, mi ò tíì gba físà nígbà yẹn. Ohun tí wọ́n gbà gbọ́ ni pé ọmọ tó bá ń sáré, tó ń jà, tí ò lè pọ́n ọ̀rọ̀ lé, kì í ṣe ojúlówó obìnrin. Nígbà tí mo dé London mo bá àwọn kan tó gba nǹkan kan náà gbọ́, ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé àwọn yẹn ò fi nà mí, wọ́n kí mi kú oríire ni, wọ́n ní torí pé ọkùnrin ni mí ni. Ẹ̀yin ará ilé àti àwọn ará ọ̀hún, ẹ ò mọra yín, ṣùgbọ́n ìyá kan náà ló bí èrò yín.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀pẹ́:
Àbúrò, pẹ̀lẹ́ o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí ti ara torí irọ́ tó wà níta pọ̀. Tí èèyàn bá dá testosterone dúró, àwọn nǹkan kan á padà, àwọn kan ò ní padà. Nǹkan oṣù sábà máa ń padà wá. Ọ̀rá tó ti kúrò ní ìdí lọ sí ikùn á máa padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, agbára inú iṣan apá á dínkù. Ohùn ò ní padà o, torí ohun tó ń gbé ohùn jáde lọ́nà ọ̀fun ti nípọn sí i, dídá abẹ́rẹ́ dúró ò lè fẹ́ ẹ padà. Irùngbọ̀n náà ò ní lọ fúnra ẹ̀, àfi kéèyàn máa fá a tàbí kí wọ́n fi lésà jó gbòǹgbò ẹ̀. Ẹni tí iwájú orí ẹ̀ bá sì ti ń pá, irun yẹn lè má hù mọ́.

Ti ọmọ bíbí, torí mo mọ̀ pé ohun tí gbogbo yín fẹ́ béèrè nìyẹn: ọ̀pọ̀ ló ti dá a dúró tó sì bímọ. Kódà àwọn kan lóyún nígbà tí wọ́n ṣì ń gba abẹ́rẹ́ ọ̀hún, torí wọ́n rò pé nígbà tí nǹkan oṣù ti dúró, oyún ò lè dúró mọ́. Kì í ṣe ìfètòsọ́mọbíbí o. Ẹni tí wọ́n bá ti yọ ilé ẹyin ẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀ le, ìyẹn ò lè kàn sọ pé òun ti ṣe tán kó má lo họ́mónù kankan mọ́, eegun ẹ̀ á máa gbó láìtọ́jọ́, dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀ sí i.

Kí n tó lọ, ẹ̀yin ọmọkùnrin tẹ́ ẹ̀ ń ra oògùn ìfètòsọ́mọbíbí ní kẹ́míìsì tẹ́ ẹ̀ ń jẹ ẹ́ ní ìlọ́po-ìlọ́po kí ọyàn lè yọ, mo mọ̀ pé ẹ wà níbí, ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kó gba ibẹ̀ bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ikú òjijì sì ni. Mi ò bá yín jà. Ẹ ṣáà lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀.

kò_sí_níbẹ̀ (Àgbádárìgì):
Mo ti ka ọ̀rọ̀ ẹ̀báọ̀sà lẹ́ẹ̀mejì, mo sì gbà á gbọ́. Àmọ́ èmi ṣì jẹ́ trans, ọkùnrin ni wọ́n bí mi, obìnrin ni mí, Àjárá níbí ni mò ń gbé, mi ò dé London rí, mi ò ní páàsípọ́ọ̀tù pàápàá, nítorí náà ọ̀gáwáyà, òyìnbó wo ló kó tèmi dé?

Ẹ̀báọ̀sà, mo bọ̀wọ̀ fún ìtàn ẹ. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni àwọn tó máa gbé e. Lọ́la báyìí, ẹ̀gbọ́n mi á fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp, á ní "ìwọ náà wò ó, ẹni ẹlẹ́ni ti padà." Ìwọ padà sílé, wọ́n se oúnjẹ fún ẹ. Èmi, tí mo bá wọ aṣọ tó wù mí jáde ní Àgbádárìgì, ọlọ́pàá á ní kí n gbé fóònù wá, wọ́n á ka gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀, wọ́n á wá fi òfin tí Jonathan fọwọ́ sí ní January 2014 dẹ́rù bà mí kí n lè fowó sílẹ̀. Òfin yẹn ò sọ̀rọ̀ trans rárá o, ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin ló wà fún, ọdún 14, àti ẹgbẹ́ wọn, ọdún 10. Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá ojú títì ò ka ìwé.

Ti pé kéèyàn kọ nǹkan sínú ìwé, mo ṣe é. Kò sí ọ̀rọ̀ abọ́ fífọ̀ nínú tèmi.

Alábòójútó:
Ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ béèrè àdírẹ́sì tàbí fọ́tò ẹnikẹ́ni níbí. Mo ti pa kọ́mẹ́ńtì méjì rẹ́. Ẹ máa bá ọ̀rọ̀ yín lọ.

ìwéni:
Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sí i, kó má jẹ́ pé ẹnu lásán la fi ń jà. Ní England, dókítà àwọn ọmọdé kan tó ń jẹ́ Hilary Cass ló yẹ gbogbo iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe fún àwọn ọmọ tó ní ara tí wọ́n bí àwọn mọ́ ò bá àwọn mu wò, ó gbé àbọ̀ ẹ̀ jáde ní April 2024. Kíníìkì ìjọba tó wà fún wọn ní Tavistock, ọmọ tí wọ́n ń tọ́ka sí i ní 2011 sí 2012 ò tó 250, nígbà tó fi máa di 2021 sí 2022 wọ́n ti lé ní 5,000, àwọn tí wọ́n bí ní obìnrin ló sì wá pọ̀ jù nínú wọn. Wọ́n ti kíníìkì yẹn pa ní March 2024. Cass ní ẹ̀rí tí wọ́n ní lórí oògùn tó ń dá ìbàlágà dúró kò lágbára, ní December ọdún yẹn ìjọba fòfin dè é fún àwọn ọmọ tí ò tíì pé 18, àfi ti ìwádìí. Ṣáájú ìgbà yẹn, obìnrin kan tó ń jẹ́ Keira Bell, tó gba testosterone, tó ṣe iṣẹ́ abẹ àyà, tó sì wá padà, òun náà ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, ó borí ní December 2020, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì yí i dànù ní 2021.

Àmọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń fi Cass jagun, ẹ kà á dópin. Kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó ní kéèyàn kọjá sí ẹ̀yà kejì gan-an ló máa dára fún àwọn kan, ó sì ní kí wọ́n ṣètò ìrànlọ́wọ́ fún ẹni tó bá fẹ́ padà. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà ní tiwọn ṣì tún un sọ ní 2023 pé àwọn dúró lórí ìtọ́jú yẹn, bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n tún ẹ̀rí ẹ̀ yẹ̀ wò. Àwọn ọ̀mọ̀wé pàápàá ò tíì fẹnu kò.

Ti ìdí tí wọ́n fi ń padà, ibẹ̀ ló dùn jù. Jack Turban àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ lo ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe láàárín àwọn trans ní Amẹ́ríkà ní 2015, wọ́n gbé e jáde ní 2021: nínú àwọn tó ju 17,000 lọ, bí ẹni 13 nínú 100 ti padà rí fún ìgbà kan, ẹni 82 nínú 100 lára àwọn yẹn ní ohun tó ti ìta wá wà nínú ìdí ẹ̀, bí ẹbí, bí ìyà, bí iṣẹ́. Ọdún kan náà, Lisa Littman bi ẹni 100 tó ti padà: ẹni 60 ní ara obìnrin tàbí ọkùnrin tí wọ́n bí àwọn mọ́ ti wá bá àwọn lára mu, ẹni 23 péré ló ní torí ìyà tí wọ́n fi ń jẹ òun ni. Ṣé ẹ rí i bó ṣe ta kora? Gbogbo àwọn tí Turban lò ṣì ń pe ara wọn ní trans lọ́jọ́ tí wọ́n dáhùn. Àwọn ibi tí àwọn tó ti padà ti ń péjọ wà lára ibi tí Littman ti rí àwọn tiẹ̀. Ẹnu ọ̀nà tí kálukú dúró sí ló pinnu ẹni tó bá pàdé.

ẹ̀báọ̀sà:
Ìwéni, o ò sọ èyí tó kù. Nínú 100 tí Littman bi yẹn, ẹni 24 péré ló padà lọ sọ fún dókítà pé àwọn ti dá a dúró. Èmi náà ò sọ fún wọn. Kí n wá lọ sọ kí ni? Wọ́n ti kọ mí sílẹ̀ pé ara mi ti yá.

kò_sí_níbẹ̀, mi ò ní bá ẹ jiyàn lórí ọlọ́pàá, òótọ́ ni. Tí ẹ̀gbọ́n ẹ bá fi ọ̀rọ̀ mi ránṣẹ́ sí ẹ, sọ fún un pé ẹni tó kọ ọ́ ní kó fi ẹ́ sílẹ̀.

ọmọ_Àgbádárìgì:
Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé Yorùbá ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀. Ṣé ẹ ò wo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni? Ọkùnrin tó rí géńdé á gbé ọmú sáyà, á di ìdí, á ró aṣọ, á gbé igi ojú obìnrin lérí, á so irin mẹ́sẹ̀, á jó fún àwọn ìyá wa títí ilẹ̀ á fi gbóná, UNESCO gan-an kà á sí ní 2001. Elégùn Ṣàngó ń dirun. Kò sẹ́ni tó sọ pé kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́. Tí wọ́n bá jó tán wọ́n á bọ́ ọ sílẹ̀, wọ́n á lọ bá ìyàwó wọn nílé. Àwọn bàbá wa fi àyè sílẹ̀ láti ṣeré níbẹ̀ láìjẹ́ pé ara pààrọ̀.

kò_sí_níbẹ̀:
Èmi ò rí nǹkan bọ́ sílẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ dára, mo máa ń lọ wò ó, àmọ́ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ yẹn mọ̀ pé òun wà lábẹ́ aṣọ. Ẹ má fi wé mi.

ọ̀gáwáyà:
Ẹ rántí orin wọn: awo Egúngún lobìnrin lè ṣe, awo Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lobìnrin lè mọ̀, bóbìnrin bá fojú kan Orò, Orò á gbé e lọ. Ààlà wà. Ibì kan wà tí eré parí sí.

ẹ̀báọ̀sà:
Háà, ẹ̀gbọ́n, ẹ ti fọwọ́ kan ibi tí mo fẹ́ dé.

Ìgbà tí mo padà dé, kò pẹ́ tó fi bọ́ sí àkókò Màgbó, ọdún tí Orò fi ń jáde níbí. Fún ẹ̀yin ará ibòmíì, tí Orò bá máa jáde ní Ìkòròdú, wọ́n á ti kéde ẹ̀ ṣáájú, obìnrin ò ní jáde lọ́jọ́ náà, ọjà á sé, títì á dá. Màmá àgbà ti ilẹ̀kùn, wọ́n fa kọ́tìnnì, gbogbo àwa obìnrin ilé kóra jọ sí pálọ̀ ẹ̀yìn. Èmi wá dá ẹnìkan lóhùn níbẹ̀, mo gbàgbé ohùn mi, ni ọmọkùnrin kan bá ń pè mí láti ìta: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jáde ká lọ jàre, kí lẹ̀ ń ṣe láàárín àwọn obìnrin?" Gbogbo ilé dákẹ́. Màmá àgbà wojú mi, wọn ò sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé tí mo bá jáde, kò sẹ́ni tó máa dá mi mọ̀ níta.

Mi ò jáde. Mo jókòó, mò ń bó ẹ̀gúsí, inú sì ń bí mi burúkú. Níjọ́sí, tí irú inú yẹn bá bí mi, ohun tí màá sọ ni pé "ẹ ò rí i, ọkùnrin ni mí, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè bá wọn jókòó sínú ilé." Àmọ́ lọ́jọ́ yẹn àńtí mi kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti bí ọmọ mẹ́rin, ìró ló ró, kò sí bọ́ọ̀lù kankan nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀, inú sì ń bí òun náà jù mí lọ torí tòmátò ẹ̀ wà lọ́jà tó ń rà. Ó ń ṣépè fún gbogbo ẹni tó bá lọ́wọ́ sí i wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ṣé ọkùnrin lòun náà ni? Ibẹ̀ ló ti wá yé mi délẹ̀. Kéèyàn máà fẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ òun, ìyẹn ò sọ èèyàn di ọkùnrin. Ó pẹ́ tí mo ti fi ìbínú yẹn ṣe ẹ̀rí fún nǹkan tí kì í ṣe ẹ̀rí ẹ̀.

Mi ò bú Orò o. Kí ẹnikẹ́ni má wá mi wálé.

Àńtí_Sábo:
Èmi ti ń wọlé fún Orò láti kékeré, inú ò bí mi rí, oorun ni mo máa ń sùn, ọjọ́ ìsinmi mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n àńtí ẹ yẹn, mo mọ ohun tó ń ṣe é, tòmátò ò mọ Orò.

Ṣé bó o ṣe ń sọ yìí, tí wọn ò bá fìyà jẹ obìnrin, kò ní sí trans mọ́?

ẹ̀báọ̀sà:
Rárá ma. Tèmi ni kì bá má sí. Bóyá ti àwọn kan bíi tèmi náà.

kò_sí_níbẹ̀:
O ṣé tó o sọ ìyẹn, torí ibi tó ti ń dùn mí nìyẹn. O ti fi àṣà ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ tán, ó sì bá tìẹ mu. Tèmi kì í ṣe inú bíbí, kò sẹ́ni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ mi, ọkùnrin ni wọ́n kà mí sí, èmi ni wọ́n máa ń pọ́n lé nínú ilé, ẹran tó tóbi, èmi ni wọ́n máa ń fún. Mo sì fẹ́ fi sílẹ̀! Tí wọ́n bá gbé mi lọ sí erékùṣù tí ẹ̀dá kankan ò sí, tí kò sí ẹni tó máa wò mí, ara yìí ò ní bá mi mu síbẹ̀. Ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

ẹ̀báọ̀sà:
Mi ò lè ṣàlàyé ẹ̀. Mi ò sí nínú ara ẹ.

Mo kàn mọ̀ pé kò sẹ́ni tó bi mí ní ìbéèrè erékùṣù yẹn kí wọ́n tó fún mi lábẹ́rẹ́. Ká ní wọ́n bi mí ni, màá ti sọ pé tí kò bá sí èèyàn níbẹ̀, ara mi ò ní nǹkan kan ṣe, màá bọ́ aṣọ, màá wẹ̀ nínú ọ̀sà. Wọ́n bi mí pé ìgbà wo ni mo ti mọ̀, wọ́n bi mí pé ṣé ó dá mi lójú, wọ́n gba owó. Ẹni tó fẹ́ wọ àgbàlá trans tó ń sunkún bíi tèmi, ohunkóhun tí wọ́n bá bi í ló máa dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí.

ọ̀gáwáyà:
Mo jẹ́wọ́ pé èmi ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí jìn tó báyìí. Mo ṣì dúró lórí ọkùnrin lọkùnrin o. Ṣùgbọ́n ti kòbókò yẹn, mo gbọ́.

Ìyá_Ẹbúté:
Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti ń kà á látàárọ̀, ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Ọmọ mi obìnrin wà lọ́dọ̀ àbúrò mi ní Canada, ọmọ ọdún 15 ni. Ó ní ká má pe orúkọ òun mọ́, ó ní òun kì í ṣe obìnrin. Bàbá ẹ̀ ní òun á fi ọgbọ́n mú un wálé, òun á sọ fún un pé ìyá àgbà ló kú, tó bá ti dé, páàsípọ́ọ̀tù di ti bàbá, ó di ilé wòlíì. Èmi ò mọ èyí tí mo máa ṣe. Ẹ̀báọ̀sà, kí lò bá fẹ́ kí màmá ẹ ṣe?

kò_sí_níbẹ̀:
Ẹ má jẹ́ kí wọ́n tàn án wálé ma, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ yín. Wọ́n ti gbé èmi lọ sí ilé wòlíì rí, wọ́n so mí mọ́lẹ̀. Mi ò kúrò nínú ohun tí mo jẹ́, mo kàn kúrò nílé ni. Orúkọ tó ní kí ẹ máa pe òun, ẹ pè é. Kò ná yín ní kọ́bọ̀.

Àńtí_Sábo:
Orúkọ tí bàbá ẹ̀ sọ ọ́ ní ìsọmọlórúkọ ńkọ́, tí gbogbo ẹbí jẹ oyin jẹ iyọ̀ lé lórí? Ó ná ìyá ní nǹkan o. Má sọ pé kò ná a.

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀pẹ́:
Ìyá Ẹbúté, ẹ fara balẹ̀. Ọmọ 15 tó ń pààrọ̀ orúkọ àti irun, kò sí èyí tí kò ṣe é dá padà nínú ìyẹn, nítorí náà ẹ má jẹ́ kí àyà já yín bí ẹni pé ilé ń jó. Ẹ bi àbúrò yín bóyá ọmọ ń sùn, bóyá ó ń jẹun, bóyá ó ń ṣe ara ẹ̀ léṣe, bóyá nǹkan oṣù ẹ̀ ń dùn ún jù, bóyá ẹnìkan ń fìtínà ẹ̀ ní ilé ìwé. Ẹ jẹ́ kí dókítà wo ìyẹn fúnra ẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ họ́mónù. Ti oògùn, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìbéèrè títí tó fi máa yé yín, kí ẹ má bẹ̀rù pé wọ́n á ní ẹ ò fẹ́ràn ọmọ.

ẹ̀báọ̀sà:
Ma, mo máa sọ ohun tí màámi ṣe, torí ohun tí wọ́n ṣe ò burú rárá, àmọ́ mi ò mọyì ẹ̀ nígbà yẹn. Wọn ò pe orúkọ tuntun mi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọn ò sì pe ti àtijọ́ mọ́ nígbà tí wọ́n rí i pé ó ń fa ìjà. "Ọmọ mi" ni wọ́n ń pè mí, ọ̀pọ̀ ọdún, lórí fóònù, níwájú àlejò, nínú ọjà Peckham. Wọ́n sọ fún mi tààràtà pé àwọn ò gbà pé ọkùnrin ni mí, lẹ́ẹ̀kan péré, wọn ò tún un sọ mọ́. Nígbà tí mo fẹ́ padà, kò sí ohun tó máa tì mí lójú láti kọjá lára ẹ̀ kí n tó wọlé. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí màmá wọn bá wọn jà lójoojúmọ́, àwọn kan nínú wọn ti ń ṣiyèméjì bíi tèmi, àmọ́ wọn ò jẹ́ sọ ọ́, torí kí ìyá wọn má baà sọ pé "mo sọ fún ẹ".

Ohun tí ǹ bá fẹ́ kí wọ́n fi kún un ni kí wọ́n bi mí ní ìbéèrè, kí wọ́n sì dúró gbọ́ èsì. Kí ló ń ṣe ẹ́ nípa ọmọbìnrin tó ò ń jẹ́? Kí ni wọ́n ṣe sí ẹ? Kò sẹ́ni tó bi mí. Ẹ bi í. Tó bá sì jẹ́ pé bíi kò_sí_níbẹ̀ ló rí, ẹ máa gbọ́ ìyẹn náà lẹ́nu ẹ̀, ẹ ò sì ní pàdánù ọmọ.

Irọ́ ikú ìyá àgbà yẹn, ẹ bá mi sọ fún bàbá ẹ̀ pé kó má dán an wò.

Ìyá_Ẹbúté:
Mo gbọ́. Mo máa bá a sọ̀rọ̀ kí n tó bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ ṣeun, gbogbo yín, títí kan ìwọ ti Àgbádárìgì.

ẹ̀báọ̀sà:
Kí wọ́n tó ti ojú ìwé yìí, mo fẹ́ béèrè nǹkan kékeré kan. Báńkì mi dí àkáǹtì mi. Mo pe kọ́sítọ́mà kíà wọn kí wọ́n ṣí i, wọ́n bi mí ní orúkọ, mo sọ orúkọ àbísọ mi, wọ́n ní ọkùnrin ló ń sọ̀rọ̀, olè ni, ni wọ́n bá tún fi kọ́kọ́rọ́ kejì sí i. Owó oúnjẹ mi wà níbẹ̀. Kí ni mo lè ṣe? Nọ́ọ̀sì, ṣé ohùn yìí ò ní àtúnṣe kankan rárá?

Nọ́ọ̀sì_Ẹ̀pẹ́:
Kò ní padà sí bó ṣe wà, àmọ́ èèyàn lè kọ́ bó ṣe máa lò ó, bó ṣe máa gbé e sókè, bí ọ̀rọ̀ ṣe máa ń lọ sókè sódò. Àwọn tó ń kọ́ni ní ọ̀rọ̀ sísọ ló ń ṣe é. Lọ sí ẹ̀ka tó ń wo etí, imú àti ọ̀fun ní ilé ìwòsàn LASUTH ní Ìkẹjà tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà, ní kí wọ́n júwe ẹni tó lè tọ́ ẹ sọ́nà. O ò ní láti rojọ́ gbogbo ìgbésí ayé ẹ fún ẹni tó ń kọ káàdì.

ọ̀gáwáyà:
Ti báńkì, má pè wọ́n mọ́, ara ẹ ni kó o gbé lọ. Mú NIN dání, mú fọ́tò, tí wọ́n bá ní kó o tẹ ìka, tẹ̀ ẹ́, ìka ò pààrọ̀. Ẹ̀ka wo ni? Tó bá jẹ́ èyí tó wà lójú títì nítòsí Gáráàjì, èmi ni mo fa wáyà ilé yẹn, mo mọ máníjà wọn.

ẹ̀báọ̀sà:
Ibẹ̀ gan-an ni. Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi sọ fún un, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kó mọ̀ pé obìnrin ló ń bọ̀, kó má jẹ́ pé ṣìkúríìtì lẹ máa bá lọ́rùn mi.

ọ̀gáwáyà:
Mọ́ńdè, aago mẹ́wàá. Màá dúró sẹ́nu géètì.